Ọ̀gá Gbogbo àti Àkòrí Tí Kò Fẹ̀ Tó

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó wà lókè ẹnu ọ̀nà ọkùnrin náà fún yín, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí à ń bá lò. Pátákó kan ni wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Ọ̀GÁ PÁTÁPÁTÁ FÚN GBOGBO ÀPILẸ̀KỌ, GBOGBO ÀKÒRÍ, GBOGBO AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÀTI GBOGBO OHUN TÓ BÁ JẸ MỌ́ WỌN. Iṣẹ́ tí ìjọba gbé fún un kò sì ju pé kó máa buwọ́ lu àkòrí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn bá fẹ́ kọ àpilẹ̀kọ lé lórí. Fọ́ọ̀mù kan, ìbuwọ́lù kan, òǹtẹ̀ kan, ó parí. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá lè ṣe tọdún kan tán kó tó lọ jẹun ọ̀sán. Ọdún mọ́kànlá ni ọkùnrin wa yìí ti wà lẹ́nu rẹ̀, ojoojúmọ́ ló sì ń kérora pé iṣẹ́ fẹ́ pa òun.

Ọ̀gá Gbogbo ni àwọn èèyàn ń pè é, lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Kò sí àkòrí tó lè gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò bá ní "gbogbo" nínú. Ohun kékeré máa ń bí i nínú bí ìgbà tí òkúta bá wà nínú bàtà. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ kọ̀wé lórí kànga ilé wọn kúrò níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àkòrí "Omi: Gbogbo Rẹ̀." Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ kọ̀wé nípa ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ gbé "Gbogbo Ẹranko" lọ sílé. Ó ti di ọdún kejì báyìí, kò tíì kúrò lórí èèrà.

Ọmọbìnrin mìíràn ni ìtàn yìí kàn, ọmọ oníférémù. Bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan létí títì, níbi tó ti ń fi igi àti gíláàsì ṣe férémù fún àwòrán. Ọkùnrin náà kì í lo ìwé. Bí oníbàárà bá fọwọ́ júwe bó ṣe fẹ́ kí férémù òun tóbi tó, bàbá á wọ̀n ọ́n, á mú pẹ́ńsùlù tó wà létí rẹ̀, á kọ gígùn àti ìbú rẹ̀ sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọjọ́ tí oníbàárà bá wá gbé e, bàbá á fi ìlà kan gba àárín rẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ògiri sì ti kún láti ilẹ̀ títí dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè nà dé.

Ọdún tó kọjá ló yẹ kí ọmọ yìí ti ṣe ìdánwò àṣekágbá. Àìsàn ìyá rẹ̀ ni kò jẹ́. Ara ìyá ti wá yá, ọmọ sì ti padà sí ilé ẹ̀kọ́, àmọ́ òfin kan dúró bí ògiri: ẹni tí fọ́ọ̀mù àkòrí rẹ̀ kò bá ní òǹtẹ̀ Ọ̀gá Gbogbo lára kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ ìparí oṣù, kò ní jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ náà kò fẹ́ pàdánù ọdún méjì. Ọ̀rọ̀ náà kì í jẹ́ kó jẹun yó.

Nígbà tí tíṣà ìṣirò wọn bi í pé kí ló fẹ́ kọ̀wé lé lórí, ó ní, "Ìpín wúrà, Mà."

"Kí ni nínú ìpín wúrà?"

"Gbogbo ẹ̀ náà, Mà."

Tíṣà yìí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ojú ìwé méjìlá ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ. Ṣé ojú ìwé méjìlá lo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sí? Lọ dín in kù."

Ẹ̀yin tí ẹ sá kúrò ní kíláàsì ìṣirò, ẹ má bẹ̀rù, kò le. Ẹ mú okùn kan, kí ẹ gé e sí méjì, kí ọ̀kan gùn ju ìkejì. Bí iye ìgbà tí èyí tó gùn fi ju èyí tó kúrú lọ bá ṣe wẹ́kú pẹ̀lú iye ìgbà tí odindi okùn fi ju èyí tó gùn lọ, ẹ ti gé e ní ìpín wúrà nìyẹn. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1.618, pẹ̀lú ìrù gígùn kan tí kò lópin. Àwọn kan sì ń sọ pé ohun tó bá ní igun mẹ́rin, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 1.618 ìbú rẹ̀, òun ló wu ojú èèyàn jù lọ.

Ọmọ náà mú èyí padà wá. Tíṣà ní, "Ojú ta ni?" Ó padà sílé. Ó wá pẹ̀lú "ojú àwọn tó ń ra nǹkan." Tíṣà ní, "Kí ni wọ́n ń rà? Níbo?" Ó tún padà sílé. Ó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí i, ó ń wo ògiri tó wà níwájú rẹ̀. Ó wò ó títí. Ó dìde, ó fọwọ́ kan nọ́ńbà kan, ó fọwọ́ kan òmíràn, ó sì pariwo tó fi jẹ́ pé gíláàsì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

Ohun tó gbé lọ fún tíṣà lọ́jọ́ kejì nìyí: "Nínú àwọn férémù tí àwọn oníbàárà gbà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi láàárín ọdún mẹ́fà, mélòó ni gígùn àti ìbú wọn sún mọ́ ìpín wúrà?" Tíṣà kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú bísikíìtì kan jáde, ó fi lé e lọ́wọ́. Àwọn tó mọ obìnrin náà sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Pẹ̀lú ayọ̀ ni ọmọ náà fi gbé fọ́ọ̀mù lọ síwájú Ọ̀gá Gbogbo. Ọ̀gá náà jókòó sórí àga aláwọ, Igbákejì rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi fáìlì fẹ́ ẹ níwájú fáànù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

"Férémù?" ni Ọ̀gá Gbogbo wí, bí ẹni tó rí aáyán nínú ife tíì. "Ọmọ yìí, wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni tí wọ́n gbé sórí àga yìí kó lè máa buwọ́ lu férémù? Ọpọlọ mi yìí, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbọ́ ìròyìn ẹ̀ tí wọ́n ń mi orí, ṣé ògiri ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó máa wò?"

"Kò yẹ rárá, Ọ̀gá," ni Igbákejì sọ.

"Mi ò tíì bi ọ́."

"Ẹ ò tíì bi mí lóòótọ́, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yín ló wọ̀ mí lára tó fi fò jáde lẹ́nu mi."

Ọ̀gá Gbogbo mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ó fi ìlà pupa gba àárín àkòrí ọmọ náà, ó sì pe tirẹ̀ sókè kí Igbákejì kọ ọ́: "Ìpín Wúrà Nínú Gbogbo Ohun Tó Wà Lójú Ọ̀run, Lórí Ilẹ̀, Nínú Omi àti Lábẹ́ Ilẹ̀." Ó fara ti àga. Ó ronú díẹ̀. Ó wá béèrè pé, "Kí tiẹ̀ ni ìpín wúrà yìí?"

Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ ò ṣì í kà. Ó ti fẹ ohun tí kò mọ̀ dé abẹ́ ilẹ̀ kó tó béèrè ohun tó jẹ́.

Ọmọ náà fi pẹ́ńsùlù yàwòrán rẹ̀ sórí bébà, ó ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín. Ọ̀gá Gbogbo kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ kan lọ nínú rẹ̀.

"O ní òun ló wu ojú jù?"

"Àwọn kan ló sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ohun tí mo fẹ́ wádìí nìyẹn."

"Ohun tó wu ojú jù láyé," ni Ọ̀gá Gbogbo wí, ó ń wo yàrá yí ká, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "kí ló dé tí kò sí lọ́fíìsì mi?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àṣẹ ti wà lára ògiri: gbogbo ohun tó bá ní igun mẹ́rin nílé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá 1.618 mu kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Àwọn òṣìṣẹ́ mú abẹ àti sísọ́ọ̀sì. Wọ́n gé ẹsẹ̀ àwọn fọ́ọ̀mù kúrò kí wọ́n lè ṣe wẹ́kú, ibẹ̀ gan-an sì ni orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà. Wọ́n gé kàlẹ́ńdà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bọ́ sílẹ̀, oṣù wá ń parí ní ọjọ́ kẹrìnlélógún. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́, Ọ̀gá Gbogbo ní wọn ò bójú mu.

Ó wá kan ilẹ̀kùn. Ó ránṣẹ́ sí bàbá oníférémù. Bàbá wá pẹ̀lú igi àti ayùn, ọmọ rẹ̀ di téèpù mú fún un. Ìbú ẹnu ọ̀nà náà jẹ́ àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà. Kò ṣe é fẹ̀ sí i, torí òpó sìmẹ́ǹtì wà lọ́tùn-ún, wáyà iná sì wà lósì. Ọmọ náà ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn ọwọ́: kí ó tó lè bá ìpín wúrà mu, òkè ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà márùndínláàádọ́jọ àti díẹ̀. Ìyẹn ò ju èjìká àgbàlagbà lọ.

Bàbá ṣí fìlà. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwòrán kì í rìn. Èèyàn ló ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá."

"Kí èèyàn tẹrí ba! Ẹni tó bá ń bọ̀ wá síwájú mi, kí ló fẹ́ gbé orí sókè ṣe?"

"Ó wọ̀ mí lára, Ọ̀gá," ni Igbákejì sọ, ó sì nu ojú.

"Ṣe é dáadáa, Bàbá," ni Ọ̀gá Gbogbo wí, "kí n lè tún fi ojú àánú wo fọ́ọ̀mù ọmọ rẹ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú un. Bàbá fi pákó dí òkè ẹnu ọ̀nà, ó fi ọjọ́ méjì ṣe ilẹ̀kùn tuntun sí i, kò fi bí ìlà pẹ́ńsùlù ṣe nípọn tó yẹ̀. Ó dán, ó gún régé. Gbogbo ilé iṣẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí aago mẹ́rin lù tí Ọ̀gá Gbogbo fẹ́ máa lọ sílé ló wá rí i pé òun náà jẹ́ èèyàn.

Ọkùnrin tí kì í tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni! Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn náà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Igbákejì ló rí ọgbọ́n sí i. Wọ́n ra aago kékeré kan. Bí Ọ̀gá bá ti fẹ́ wọlé tàbí jáde, wọ́n á lù ú, Igbákejì á kígbe pé, "Ẹ kọjú sógiri!", gbogbo ẹni tó bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì kọjú sógiri títí yóò fi kọjá. Obìnrin kan wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá kọjú sógiri, ọmọ yí ọrùn padà, ó rí ohun tó rí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi gba òsúkè.

Ọmọ oníférémù padà lọ pẹ̀lú ìrètí. Ọ̀gá Gbogbo fi ojú àánú wo fọ́ọ̀mù náà bó ṣe ṣèlérí. Ó fi "àti Gbogbo Ilẹ̀kùn" kún un.

"Sà, ojú ìwé méjìlá ni wọ́n fún wa."

"Kí ìkọ̀wé rẹ kéré. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, ìdánwò ń bẹ lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọmọ náà sunkún lójú títì, kò sì fi pa mọ́. Bàbá rẹ̀ ní kó gba èyí tó fẹ̀ náà bẹ́ẹ̀, kó ṣáà ti lè ṣe ìdánwò. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ nǹkan kan nípa abẹ́ ilẹ̀. Irọ́ ni màá máa pa láti ojú ìwé kìíní." Inú bàbá bàjẹ́, torí ó gbà pé ọwọ́ òun wà nínú ìyà náà, òun tóun fi odindi ọjọ́ méjì ṣe ilẹ̀kùn fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Tíṣà nìkan ni kò bá wọn káàánú. Ó fún ọmọ náà ní fọ́ọ̀mù tuntun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gé. "Kọ àkòrí rẹ àkọ́kọ́ sí i. Ní Ọjọ́bọ̀, lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọjú sógiri, má kọjú sí nǹkan kan."

Kí ló wà ní Ọjọ́bọ̀? Ìgbìmọ̀ Ìdánwò láti orílé-iṣẹ́ ni. Wọ́n ti kọ lẹ́tà ṣáájú pé àwọn ń bọ̀ ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Igbákejì gba lẹ́tà náà, ó wo kàlẹ́ńdà, kò rí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n níbẹ̀. Ó gbà pé àṣìṣe ni, ó sì tọ́jú lẹ́tà náà sínú fáìlì Ohun Tí Kò Lè Ṣẹlẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀. Èèyàn mẹ́ta wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀. Alága wọn jẹ́ ìyá àgbàlagbà kan, ó ga, ó ń tẹ ọ̀pá, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ṣe é tẹ̀ látìgbà tó ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ìpín wúrà. Ó rí orí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀ àgbọ̀n ara rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Ilẹ̀kùn ni, Mà," ni Igbákejì sọ.

"Mo rí i. Ta ló gé e lórí? Pe ọ̀gá yín fún mi."

Ọ̀gá Gbogbo gbọ́ ariwo láti inú, kò mọ ẹni tó ń bọ̀, ó fúnra rẹ̀ lu aago. Igbákejì kò mọ ìgbà tó kígbe, "Ẹ kọjú sógiri!" Gbogbo òṣìṣẹ́ yí padà. Ìgbìmọ̀ kò yí. Ọmọ oníférémù, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú fọ́ọ̀mù lórí itan, kò yí. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọ̀gá Gbogbo ti rí i pé fìlà òun kì í bọ́ bí òun bá fi ẹ̀yìn jáde, nítorí náà ìdí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ sí wọn.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Alága kí ohun tó rí.

Ọ̀gá Gbogbo nà tán, ó yí padà, ó rí àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í kú. "Ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ, ẹ̀yin òpó ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí gbogbo ìwé ayé ń..."

"Fọ́ọ̀mù àwọn àkòrí tẹ́ ẹ ti buwọ́ lù dà?"

Igbákejì wọlé lọ kó wọn jáde. Alága kà wọ́n ní ìdúró. "Omi: Gbogbo Rẹ̀. Gbogbo Ẹranko. Gbogbo Ogun Tí Ènìyàn Ti Jà." Ó gbé ojú sókè. "Àwọn wo ló ni wọ́n? Mi ò rí orúkọ."

"Ó wà níbi tí wọ́n gé kúrò, Mà," ni Igbákejì dáhùn.

"Mélòó nínú wọn ló ti kọ tiẹ̀ tán?"

"Mà, iṣẹ́ ńlá kì í yá," ni Ọ̀gá Gbogbo wí. "Ojú tí a fi ń wo nǹkan níbí, ó fẹ̀ tó..."

"Mélòó?"

Igbákejì ló dáhùn, ó ń wo ilẹ̀: "Kò sí, Mà."

Alága fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ tó ò kọjú sógiri, kí lo wá ṣe, ọmọ mi?"

Ọmọ náà dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fọ́ọ̀mù fún un. Alága kà á. Ó tún un kà. Ẹ̀rín díẹ̀ yọ létí ẹnu rẹ̀.

"Èyí ṣe é kọ. O mọ ìpín wúrà nígbà náà. Ilẹ̀kùn yìí ńkọ́, ṣé ó péye?"

"Ó péye, Mà. Bàbá mi ló ṣe é. Èmi ni mo di téèpù mú."

"Ó péye, àmọ́ mi ò lè wọlé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ilẹ̀kùn la wọ̀n. A ò wọn ẹni tó máa gba ibẹ̀ kọjá."

Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Alága na fọ́ọ̀mù náà sí Ọ̀gá Gbogbo. "Ẹ buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ fi òǹtẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí."

"Òǹtẹ̀ wà nínú ọ́fíìsì, Mà."

"Ẹ lọ mú un wá."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo aago kékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má lu aago," ni Alága wí.

Ọ̀gá Gbogbo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó tẹrí ba lójú gbogbo wọn! Àwọn òṣìṣẹ́ ń yí kúrò lára ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wo bí ọ̀gá wọn ṣe ń wọlé bí ẹni ń wá owó ẹyọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó mú òǹtẹ̀ jáde. Ó ti gbàgbé tàdáwà rẹ̀. Ó padà wọlé. Ó gbé tàdáwà jáde. Kò mú bírò. Igbákejì ní bírò mẹ́ta nínú àpò, ẹ̀rù ọ̀gá tuntun tó ń bọ̀ ló sì ń bà á báyìí, ó pa ọwọ́ mọ́ àpò, ó ń wo òkè àjà. Ìgbà kẹta tí Ọ̀gá Gbogbo wọlé, fìlà bọ́, ẹnikẹ́ni kò bá a mú un.

Kí ẹ má baà bi mí lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe parí sí fún un. Orílé-iṣẹ́ kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i láàárín oṣù kan. Àkọ́kọ́ gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì gba àkòrí, ẹ̀kẹta sì gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, níbi tó ti ń ṣọ́ kọ́bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀kì. Mo gbọ́ pé ó ń ṣe é dáadáa. Bàbá oníférémù ló yọ pákó kúrò lókè ẹnu ọ̀nà, ó sì fi ayọ̀ ṣe é ju bó ṣe fi kàn án lọ.

Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, kó tó di pé lẹ́tà kankan dé, ọkùnrin náà ti rí bírò mú, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìdajì rẹ̀ nínú, ìdajì rẹ̀ lóde. Kò ní agbára láti dìde mọ́. Ó gbé fọ́ọ̀mù lé itan, ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀. Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì láti gbà á. Ọ̀gá Gbogbo kò tíì jù ú sílẹ̀. Ó ń wo àkòrí náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà á.

"Ọmọ yìí," ni ó wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, "àwọn férémù yẹn. Èyí tó bá ìpín wúrà mu, ṣé òun ni wọ́n ń mú jù lóòótọ́?"

Fún ọdún mọ́kànlá tó fi jókòó sórí àga yẹn, kò bi akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ lè wọ ojú ìwé méjìlá rí.

"Mi ò tíì mọ̀, sà," ni ọmọ náà dáhùn, ó sì rọra gba fọ́ọ̀mù rẹ̀. "Ìdí tí mo fi fẹ́ kọ ọ́ nìyẹn."